Ọ̀gá Pàǹtírí àti Oko Aránṣọ

Ọjọ́ tí Ọ̀gá Pàǹtírí kọ́kọ́ kú, oòrùn ló ń mú ganrínganrín.

Iṣẹ́ àgbẹ̀ ló ń kọ́ àwọn ará abúlé nínú oko ilé-ẹ̀kọ́. Ó ní kí wọ́n yé dáná sun koríko tí wọ́n bá ro, kí wọ́n máa fi í bo ilẹ̀, kí oòrùn má baà fa omi inú rẹ̀ gbẹ. Àwọn àgbẹ̀ ní àwọn ò gbà. Wọ́n ní bí ooru ṣe ń mú ènìyàn lábẹ́ kùbùsù ni yóò ṣe máa mú ilẹ̀ lábẹ́ ewé. Káfíńtà abúlé, ẹni tó máa ń tako ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́ tán, wá ní, "Ọ̀gá, tó bá tutù níbẹ̀ lóòótọ́, ẹ wọ ibẹ̀ lọ ká rí i."

Ọ̀gá ò jiyàn. Ó bọ́ bàtà, ó bọ́ ẹ̀wù, ó ku singilẹ́ẹ̀tì. Ó nà gbalaja sínú poro, ó ní kí wọ́n fi ewé gbígbẹ bo òun látẹsẹ̀ dórí, kí wọ́n ṣáà yọ imú òun síta. Wọ́n bò ó. Ọkùnrin náà ń bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ lábẹ́ ewé: "Ẹ rí i, afẹ́fẹ́ ń wọlé. Ara mi tutù nini. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè yẹn, ṣé ẹ ń làágùn àbí ẹ ò làágùn?" Wọ́n ń làágùn. Ó sọ̀rọ̀ títí, ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Nígbà tó yá, wọn ò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Wọ́n pè é, kò dáhùn. Ìyá Àgbà, tí kò sẹ́ni tó dàgbà tó o lábúlé náà, fi ọ̀pá tọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Ẹsẹ̀ ò mira. "Yéè! A ti pa òṣìṣẹ́ ìjọba!" ni Káfíńtà kígbe, òun náà ló sì kọ́kọ́ fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Kí ẹnikẹ́ni tó ṣẹ́jú, oko ti dá páropáro. Ìyá Àgbà tó ń fi ọ̀pá rìn láti ọjọ́ pípẹ́ gbàgbé ọ̀pá síbẹ̀, ó sì ṣáájú àwọn tí kò lo ọ̀pá délé.

Aránṣọ abúlé nìkan ló kù. Kì í ṣe pé obìnrin náà láyà ju àwọn yòókù lọ o, ọ̀ràn ló so ó mọ́lẹ̀. Ó kúnlẹ̀ ti òkìtì ewé, ó bú sẹ́kún. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kú báyìí! Ẹ ò tíì sọ bí mo ṣe máa tún oko mi ṣe. Tó bá jẹ́ pé ẹ gbọ́dọ̀ kú, ẹ kọ́kọ́ sọ ìyẹn ná!"

Ewé mì. "Ta ni ò jẹ́ ká sùn níbẹ̀ yẹn?" ni Ọ̀gá wí. "Ṣebí mo ní abẹ́ ibí tutù."

Ọ̀ràn tó so aránṣọ mọ́lẹ̀ rèé. Opó ni. Ọkọ rẹ̀ fi ilẹ̀ kan sílẹ̀ fún òun àtàwọn ọmọ lẹ́yìn abúlé, ilẹ̀ tó dà gẹ̀rẹ́ sísàlẹ̀, tí wọ́n ti ń gbin àgbàdo sí láìsinmi látayébáyé, tí àgbàrá sì ti gbá ojú rẹ̀ lọ. Àgbàdo tó bá hù níbẹ̀, ọmọ tó máa so kì í ju àtàǹpàkò lọ. Káfíńtà yìí kan náà ni ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀. Ó ti rí oníbúlọ́ọ̀kù kan tó fẹ́ ra ilẹ̀ náà kó lè máa wa yanrìn ibẹ̀. Àwọn mọ̀lẹ́bí jókòó lé ọ̀rọ̀ náà lórí, wọ́n ní òjò kan péré làwọn fún aránṣọ. Bí ilẹ̀ náà bá so oúnjẹ gidi lójò yẹn, tirẹ̀ àti tọmọ rẹ̀ ni títí ayé. Bí kò bá so, kó gbàgbé ẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ń gbìyànjú, ó ń bọ́ àwọn ọmọ débi tágbára rẹ̀ mọ. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ yẹn nìkan ni ohun tí wọ́n lè na ìka sí pé bàbá àwọn ló fi sílẹ̀, kò sì fẹ́ kí wọ́n dàgbà tán kí wọ́n wá bá kòtò níbẹ̀.

Ọ̀gá fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọmọ abúlé. Láti ìlú ni wọ́n ti rán an wá, lórí alùpùpù kan tó ń húkọ́ bí àgbàlagbà tí ọ̀fìnkìn ń bá jà. Àwọn olùkọ́ tó ti wá ṣáájú rẹ̀ máa ń pín fìlà àti ìwé pélébé lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn ará abúlé á dé fìlà, wọ́n á fi ìwé dáná, wọ́n á sì máa ṣe oko wọn bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ọ̀gá ní kò sóhun tó ń ba ẹ̀kọ́ jẹ́ tó ọ̀fẹ́. Ó ní títà lòun máa ta tòun, ẹni tó bá fẹ́ kó wá ná an. Kì í sì í gbowó. Pàǹtírí ló ń gbà: èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, eérú, ewé gbígbẹ, ìgbẹ́ ewúrẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Ọ̀gá Pàǹtírí, ó sì ń jẹ́ ẹ bí ẹni tí wọ́n fi joyè.

Lọ́jọ́ tí aránṣọ kọ́kọ́ lọ bá a ní yàrá tó háyà lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́, àpò àjákù aṣọ kan ló gbé lọ. Ọ̀gá tú u sórí tábìlì, ó ń fọwọ́ ra á wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń yínmú.

"Irú ẹ̀kọ́ wo lo fẹ́ fi èyí rà?"

"Èyí tó máa tún ilẹ̀ mi ṣe, sà."

"Àpò kan? Ilẹ̀ tó ti dákú yẹn? O fẹ́ rẹ́ mi jẹ!" Ó fa àwọn kan yọ. "Ọ̀rá ni wọ́n fi hun èyí. Ilẹ̀ kì í jẹ ọ̀rá. Òwú nìkan ni mò ń gbà."

"Ó dáa, màá fi ìgbẹ́ ewúrẹ́ àpò kan lé e."

"Àpò márùn-ún."

"Ọ̀gá! Ewúrẹ́ kan péré ni mo ní. Ṣé ẹ fẹ́ kó ṣu ara ẹ̀ tán ni?"

"Bẹ̀ ẹ́ kó gbìyànjú."

"Àpò kan, pẹ̀lú gbogbo eérú ilé ìdáná mi títí òjò á fi dé."

"Eérú igi ni àbí o ń da ọ̀rá sínú iná?"

"Igi pọ́ńbélé ni, sà."

Ọ̀gá gbá orí mú. Ó ní ọjà òun ti bàjẹ́, ó ní obìnrin yìí á sọ òun di ẹdun arinlẹ̀, ó ní ó dáa, kó máa kó o bọ̀. Nígbà tí aránṣọ kó o dé tán, ó ní kó gbé gbogbo rẹ̀ lọ sínú oko ara rẹ̀. Obìnrin náà yanu. Látàárọ̀ ló ti ń ná ohun tó jẹ́ tirẹ̀, kó tó wá rí i pé ọ̀dọ̀ òun náà ló ń padà sí.

Ẹ̀tàn rere ni, ṣùgbọ́n Ọ̀gá ò mọ irú èèyàn tóun ń bá ṣe. Àwọn ará abúlé rí i bó ṣe ń làágùn lórí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n lọ sílé, wọ́n sì ro ó dáadáa. Wọ́n ní ará ìlú kì í fi ẹnu rẹ̀ ṣòfò. Tó bá ń ná pàǹtírí báyìí, ó ní ibi tó ń kó o lọ, ó sì dájú pé ọjà náà ṣì máa wọ́n. Ẹni tó bá gbọ́n, kó kó o pa mọ́.

Ni wọ́n bá ń kó o pa mọ́ o! Kò sẹ́ni tó kó èèpo kan lọ sóko mọ́. Wọ́n ń tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń dì í sórí àjà. Ìyá Àgbà kó ìgbẹ́ ewúrẹ́ sínú àpótí aṣọ rẹ̀, ó fi kọ́kọ́rọ́ tì í, ó sì so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ìdí. Káfíńtà, tó ń sọ káàkiri pé ìsọkúsọ ni gbogbo rẹ̀, ti kó èérún pákó tí ayùn ń tú kún ṣọ́ọ̀bù débi pé ìta ló ti ń kan àga. Àwọn oníbàárà á sín kí wọ́n tó kí i. Abúlé mọ́ tónítóní lóde, ṣùgbọ́n tí o bá wọlé kí ènìyàn, wàá tètè rántí pé o níbi tó ò ń lọ.

Ìjà tiẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn aládùúgbò méjì, wọ́n gbé e dé iwájú olórí abúlé. "Ẹnu ọ̀nà mi ló ṣu sí, tèmi ni," ni ọ̀kan wí. Ìkejì ní, "Ewúrẹ́ mi ló ṣu ú!" "Koríko ta ló jẹ kó tó ṣu?" Olórí abúlé ní kí wọ́n gbé ẹ̀rí wá. Wọ́n gbé e wá. Ó ní kí wọ́n tètè máa gbé ẹ̀rí náà lọ.

Gbogbo rẹ̀ dùn láti gbọ́, àmọ́ kò dùn mọ́ aránṣọ. Òun nìkan ló kó tirẹ̀ lọ sóko bí wọ́n ṣe ní kó ṣe, àpò díẹ̀ tó kó lọ sì rí lórí ilẹ̀ ńlá yẹn bí iyọ̀ tí wọ́n wọ́n sínú odò. Ó ń tọrọ kiri ojúlé. Wọ́n ń wò ó bí ẹni tó ní kí wọ́n bọ́ òrùka ìgbéyàwó fún òun. Òjò ti ń ṣú dùdù lókè. Ó lọ jókòó sí ẹnu ọ̀nà Ọ̀gá, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ ti bá mi ná oko mi lọ. Wọ́n kó pàǹtírí pa mọ́ nítorí yín. Kí ni mo fẹ́ fi tún ilẹ̀ ṣe? Kí ni mo fẹ́ sọ fáwọn ọmọ mi?"

Ọ̀gá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rí ojú rẹ̀, ó sì dákẹ́. "Àṣejù ti wọ ọ̀rọ̀ mi," ó ní. "Nu ojú ẹ. Mo bá ẹ ṣèlérí, oko ẹ á so."

Ó pe ìpàdé sínú kíláàsì ńlá ilé-ẹ̀kọ́. Ó so táì mọ́rùn, ó sì fajú ro bí ẹni tó fẹ́ túfọ̀.

"Ẹ̀yin ará mi, ọ̀rọ̀ burúkú ló dé. Láti òní lọ, mi ò gba pàǹtírí mọ́."

Kíláàsì rọ́ kẹ̀kẹ̀. Ìyá Àgbà dìde. "Kí lo ní kí n fi èyí tó wà nínú àpótí mi ṣe?"

"Tiyín ni, Ìyá."

"Ṣé wọn ò ní gbà á nílùú?" ni ẹnì kan béèrè látẹ̀yìn.

"Nílùú kẹ̀? Nílùú, wọ́n ń sanwó fún ẹni tó máa bá wọn kó o dànù ni!"

Káfíńtà dorí kodò, ó ń ronú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ibẹ̀ ni aránṣọ ti nawọ́ sókè. Ó ní, "Ẹni tí kò bá fẹ́ tirẹ̀ mọ́, kó kó o wá sóko mi."

Ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ́jọ́ náà, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí òrùlé. Káfíńtà ló rẹ́rìn-ín jù. Ó ro ó lọ́kàn rẹ̀ pé bí ìyàwó àbúrò òun bá fọwọ́ ara rẹ̀ sọ oko di ààtàn, kí ni mọ̀lẹ́bí tún fẹ́ dúró wò? Òun ló kọ́kọ́ ti ọmọlanke dé ẹsẹ̀ òkè, èérún pákó kún un dẹ́nu.

"Ìyàwó, gbà. Ẹ̀bùn ni."

"Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Ṣé ẹ ṣì ní?"

Ó ní dáadáa. Ó ti i títí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fi mọ́, gbogbo abúlé sì ń wọ́ tẹ̀lé e. Ààtàn kì í kúkú kọ ilẹ̀. Ọ̀gá dúró lórí òkúta lókè, ó ń mi orí bí ẹni tínú rẹ̀ bàjẹ́, ó sì ń fi ọwọ́ bo ẹnu kí wọ́n má baà rí eyín rẹ̀.

Iṣẹ́ wá bẹ̀rẹ̀. Wọ́n tẹ́ èérún pákó, wọ́n da ìgbẹ́ ewúrẹ́ lé e, wọ́n tún kó ewé àti eérú lé ìyẹn, wọ́n bomi rin ín, wọ́n sì ń yí i po látìgbàdégbà. Òkìtì náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná látinú, ó ń rú èéfín láàárọ̀. Ọ̀gá ní kí ẹnikẹ́ni má lò ó títí ooru rẹ̀ á fi lọ, torí ajílẹ̀ tó ṣì ń gbóná, gbòǹgbò ló máa jó. Kí wọ́n lè gba òun gbọ́, ó ri ẹyin adìyẹ kan mọ́nú òkìtì láàárọ̀, ó yọ ọ́ lọ́sàn-án, ó bó o, ó wọ́n iyọ̀ sí i, ó sì jẹ ẹ́ lójú wọn. Ìyá Àgbà sáré lọ sọ fún gbogbo abúlé pé Ọ̀gá ti jẹ ẹyin tí ààtàn yé.

Ọ̀rọ̀ ebè náà tún wà níbẹ̀. Látọjọ́ tí aláyé ti dáyé, láti òkè sísàlẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ ebè lábúlé yẹn, kí òjò lè rí ọ̀nà tètè lọ. Ọ̀gá ní ọ̀nà tí wọ́n là fún òjò ni erùpẹ̀ ń bá lọ, kí wọ́n kọ ebè dábùú, kí omi dúró síbẹ̀ kó wọlẹ̀. Ó fi wákàtí méjì ṣàlàyé rẹ̀. Aránṣọ wá ní, "Ọ̀gá, ṣé kì í ṣe ìṣẹ́tí aṣọ lẹ̀ ń sọ yìí? Tá a bá ṣẹ́ ẹ létí, kò ní tú." Inú Ọ̀gá dùn, ó ní kó tún un sọ. Lọ́jọ́ kejì, ó ti ń sọ fún àwọn àgbẹ̀ tó kù pé, "Gẹ́gẹ́ bí mo ṣe máa ń sọ ọ́, ìṣẹ́tí ni ebè dábùú." Aránṣọ jókòó láàárín wọn, ó ń ṣe bí ẹni tó ń gbọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́.

Òjò dé, wọ́n gbin àgbàdo, wọ́n gbin ẹ̀wà sáàárín rẹ̀ kó bo ilẹ̀. Ekòló, tẹ́nikẹ́ni ò rí níbẹ̀ láti ìgbà tí ọkọ aránṣọ wà lọ́mọdé, bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Ọ̀gá kì í kọjá lára wọn láìkí wọn. "Ẹ kú iṣẹ́ o," á ní, á sì ṣí fìlà. Tí wọ́n bá fi í ṣe yẹ̀yẹ́, á ní ekòló kì í júbà ilẹ̀ kílẹ̀ má lanu, àwọn tó mọ ojú ilẹ̀ jù yín lọ rèé. Lọ́jọ́ tí oníbúlọ́ọ̀kù gbé típà wá láti wá wo ọjà tó fẹ́ rà, Ọ̀gá bọ́ sójú ọ̀nà, ó na ọwọ́ méjèèjì.

"Dúró! Ẹnì kan ń kọjá."

Oníbúlọ́ọ̀kù yọrí síta. "Ta ni? Mi ò rí ẹnì kankan."

"Ọ̀gá mi ni. Wo ilẹ̀."

Ekòló kan ló ń wọ́ lọ, kò sì kánjú. Oníbúlọ́ọ̀kù pariwo, ó fọn fèrè, nígbà tó yá ó pa ẹ́ńjìnì. Òun náà bọ́ sílẹ̀, ó ká ọwọ́ lẹ́yìn, wọ́n jọ dúró wò ó títí ó fi kọjá.

Bí àgbàdo ṣe ń ga sí i ni Ọ̀gá ń rọra gòkè. Á gun òkè náà díẹ̀, á dúró, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Tí aránṣọ bá béèrè, á ní àwọn ekòló lòun ń kí. Ó yá, wọn ò gbúròó alùpùpù tó ń húkọ́ mọ́, wọ́n sì sọ pé Ọ̀gá wà ní ọsibítù nílùú.

Aránṣọ wọkọ̀ lọ kí i. Wọ́ọ̀dù gígùn kan ni, bẹ́ẹ̀dì tò lọ bẹẹrẹ, fèrèsé ṣí sílẹ̀. Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó ti gbọ́ ohùn rẹ̀ látẹnu ọ̀nà.

"Abẹ́rẹ́ mẹ́ta ti pọ̀ jù, nọ́ọ̀sì. Ẹ mú un lọ́kan."

"Bàbá, a kì í ná abẹ́rẹ́."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ọ̀kan, màá sì mu oògùn kíkorò yẹn láìfajúro."

"Mẹ́ta ni dókítà kọ."

"Méjì. Mo máa fún un yín ní èèpo gbogbo ọsàn tí wọ́n gbé wá kí mi."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì gún un ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀gá yíjú sí aránṣọ, ó ní, "Ọmọ yìí le ju Káfíńtà lọ." Lẹ́yìn náà, kò jẹ́ kí obìnrin náà béèrè àlàáfíà rẹ̀. Oko ló ń béèrè. Ṣé òjò ń rọ̀ níbẹ̀? Ṣé ebè kankan ò ya? Ṣé àgbàdo ti ń yọ irun? Aránṣọ ní ó ti ń yọ irun, ó ga ju òun lọ. Ọ̀gá di ojú, ó rẹ́rìn-ín, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú fún ìgbà díẹ̀. Kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Kí àgbàdo tó gbó ni ìròyìn dé pé Ọ̀gá Pàǹtírí ti papòdà. Ẹ wá wo abúlé tí kò gba òkú gbọ́. Wọ́n ní ó ti ṣe é fún àwọn rí. Káfíńtà mú ọ̀nà ìlú pọ̀n, ó ní òun ń lọ fi igi tọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Nígbà tó padà dé, kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn títí ilẹ̀ fi ṣú, ibẹ̀ ni gbogbo wọn ti mọ̀ pé òótọ́ ni.

Lọ́jọ́ tí mọ̀lẹ́bí fẹ́ dájọ́, wọ́n pé sójú oko, oníbúlọ́ọ̀kù náà wà níbẹ̀. Aránṣọ di ọwọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ mú. Àgbàdo dúró gbagidi, ọmọ orí rẹ̀ gùn bí ọrùn ọwọ́ sí ìgúnpá, ẹ̀wà sì bo ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Oníbúlọ́ọ̀kù ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bu ilẹ̀, ó fọ́ ọ wò láàárín ìka.

"Káfíńtà, kí lẹ ṣe sí ilẹ̀ yìí? Ó ti sanra jù. Tí mo bá fi èyí ṣe búlọ́ọ̀kù, ògiri á hu koríko."

Káfíńtà ya àgbàdo kan, ó bó o, ó wò ó síwá sẹ́yìn. Gbogbo èèyàn ń wo ẹnu rẹ̀. "Èérún pákó mi ló wà níbí yìí," ó ní. "Ṣé ẹ rántí pé èmi ni mo kọ́kọ́ kó tèmi wá?" Wọ́n ní àwọn rántí, wọ́n ń rín ẹ̀rín mọ́nú. Ó tún wo àgbàdo yẹn. "Ti ìyàwó wa ni ilẹ̀ yìí, tòun àtàwọn ọmọ. Ẹni tó bá tún dárúkọ títà, èmi ni yóò bá." Ó wá fi apá nu ojú. "Ká ní ọkùnrin yẹn wà níbí ni, ǹ bá bá a jiyàn díẹ̀."

Aránṣọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ bí ọkùnrin, nítorí ayọ̀. Nígbà tó dìde, ó ya àgbàdo tó dára jù kún apẹ̀rẹ̀, ó sì wọkọ̀ lọ sí ilé Ọ̀gá nílùú, kó lọ kí ìyàwó rẹ̀ tí kò rí rí.

Obìnrin náà jẹ́ oníwà jẹ́jẹ́, ilé rẹ̀ mọ́ débi pé aránṣọ bọ́ bàtà láti géètì. Bàtà ìwọsóko Ọ̀gá wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti fọ̀ ọ́. Aránṣọ kúnlẹ̀ kí i, ó sọ ẹni tóun jẹ́.

"Ìwọ ni aránṣọ," ni obìnrin náà wí. Ó wo apẹ̀rẹ̀, ó wò ó lójú. "Jókòó. Jẹ́ kí n se àgbàdo yẹn."

Wọ́n jókòó ní kíṣìnnì, ìkòkò ń hó. Ìyàwó Ọ̀gá ò gbójú kúrò lára iná. "Kí òjò yìí tó bẹ̀rẹ̀ ni dókítà ti ní kó fiṣẹ́ sílẹ̀. Ó ní ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀, kò gbọdọ̀ gun òkè mọ́. Ṣé o mọ ohun tó sọ? Ó ní, 'Dókítà, ẹ fún mi ní òjò kan péré. Mo ti ṣèlérí fún aránṣọ kan.' Dókítà ní kì í ṣe òun ló ń pín in. Ọkọ mi ní, 'Ó dáa, ẹ mú ìrọ̀lẹ́ mi, kẹ́ ẹ fi àárọ̀ sílẹ̀ fún mi.'"

Ẹ̀rín ti bọ́ lẹ́nu aránṣọ kó tó mọ̀. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, omi ti dé ojú rẹ̀. Ìyàwó Ọ̀gá náà ń rẹ́rìn-ín, òun náà ń sunkún.

"Inú bí mi sí ẹ, aránṣọ. Mi ò mọ̀ ẹ́ rí, inú sì ń bí mi sí ẹ lójoojúmọ́. Mo ní obìnrin wo nìyí, tí oko rẹ̀ ju ẹ̀mí ọkọ mi lọ?"

Aránṣọ kúnlẹ̀ sílẹ̀ kíṣìnnì. "Ẹ forí jì mí, màmá. Mi ò mọ̀ rárá. Ká ní mo mọ̀ ni, mi ò ní jẹ́ kí Ọ̀gá gun òkè yẹn, kódà kí wọ́n gba ilẹ̀ náà."

"Kò ní gbọ́ sí ẹ lẹ́nu. Ṣé ó gbọ́ sí tèmi?"

Ó bu àgbàdo sínú abọ́, ó mú ọ̀kan, ó sì jẹ ẹ́ títí kò fi ku hóró kan lórí rẹ̀. Aránṣọ ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Obìnrin náà mú ìkejì, ó wò ó, ó nà án sí i.

"Dìde nílẹ̀, ọmọ mi. Jẹun. Nígbà wo lo tún máa gbin òmíràn?"

"Tí òjò bá ti rọ̀, màmá."

"Wá mú mi kí o tó bẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ rí ibi tí ọkọ mi lo òjò rẹ̀ tó kẹ́yìn sí."